Ògiri Kòtò Tó Wó Láìpa Ẹnikẹ́ni

Ilé wa ní Ogbe,
Ìlú Benin,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ sípò ni. Láti Ọjọ́rú tí o ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa pé ògiri kòtò ìwakùsà yín ní Sámbíà ti sán, pé o ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, pé àwọn ọ̀gá yín lókè òkun sì ní kí o dá wọn padà síbẹ̀ tàbí kí o fi àga máníjà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ dáadáa. Lọ́jọ́bọ̀ àti lọ́jọ́ Ẹtì, a pè ọ́ títí, fóònù rẹ ò lọ. Bàbá rẹ, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ekiadolor láìsí ohun tó ń mì wọ́n, ni wọ́n mú ìgbálẹ̀, tí wọ́n ń gbá àgbàlá tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án àná tí fóònù wá dún, tí mo gbọ́ ohùn rẹ tó ní, “Mummy, the wall don fall. Nobody dey under am,” ibi tí mo ti ń bó iṣu ní kíṣìnì ni mo kúnlẹ̀ sí. Bàbá rẹ ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Àwọn ni wọ́n gbọ́ ìyókù: pé òjò ló ba òpó fóònù yín jẹ́, pé lẹ́yìn tí ògiri wó tán, àwọn ọ̀gá ránṣẹ́ pé kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, ìwọ ṣì ni máníjà. Oṣù mẹ́rin péré lórí àga, kí irú ìdánwò báyìí ti dé.

Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà fún mi, o bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. O ní, “Mummy, if na you, wetin you for do?” Mo dá ọ lóhùn pé ohun tí o ṣe gan-an ni èmi náà ìbá ṣe.

Àbẹ̀kẹ́, irọ́ ni mo pa. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ó sì dára kó jẹ́ pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi mú òtítọ́ náà wá. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń sọ Yorùbá sí ọ tí o ń fi Pijin dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ra wa yé. Rọra kà á. Ibi tí kò bá yé ọ, bàbá rẹ ni kí o pè, má pè mí, nítorí ojú lè máa tì mí.

Ohun tí o mọ̀ ni pé mo ṣiṣẹ́ ní kòtò òkúta mábù kan ní àríwá ìpínlẹ̀ yìí, kí èmi pẹ̀lú rẹ tó kó wá bá bàbá rẹ ní Benin. Ohun tí mo sọ fún ọ ni pé nítorí ilé-ìwé rẹ ni mo fi kúrò níbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Inú sítọ̀ọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mò ń pín bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà wọ́n sọ mí di igbákejì máníjà. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń jókòó nípàdé. Ìgbà yẹn, ọjà ń tà. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ló fẹ́ fi òkúta mábù tẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù á tò sí ẹnu géètì wa láti àárọ̀, àwọn awakọ̀ á máa bára wọn jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Olóyè tó ni kòtò náà pe ìpàdé, ó ní kí a sọ ohun tí a rò. Èmi ni mo dìde, mo ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìgé òkúta méjì sí i, kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ púpọ̀, nítorí ilé kíkọ́ ò lè tán láyé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì síṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ibi tí ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti wá nìyẹn. Iye tí ọjà ń tà kì í ṣe ohun ìní rẹ. Bàbà, ìyẹn kọ́pà, tí ẹ ń wà ní Sámbíà yẹn, àwọn tó ń dá iye rẹ̀ ò rí kòtò yín rí láyé wọn. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ń ṣe ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, bàbà á gbówó lérí. Bí òmíràn bá dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró, á já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ ò ṣẹ̀, o ò rò. Ohun tó tún burú jù ni pé iṣẹ́ wa kì í yá. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá rí òkúta nínú ilẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa tà á, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà á ti máa lọ sílé-ìwé. Gbogbo ẹni tó rí i pé ọjà dára lọ́dún kan ló máa ń gbẹ́ kòtò lọ́dún náà, gbogbo wọn á sì gbé ẹrù dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. O rántí bí ata ṣe máa ń rí ní Ọjà Ọba. Ọdún tó bá wọ́n, gbogbo àgbẹ̀ á lọ gbin ata, lọ́dún kejì ẹ óò máa fi ata ta ara yín lọ́rẹ. Nítorí náà, nígbà tí ọjà bá dùn ni kí o máa ronú kíkorò rẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo jẹ àjẹìwẹ̀yìn, igbá tí mo sì rù pọ̀.

Kò pé ọdún méjì tí táìlì olówó pọ́ọ́kú fi dé láti òkè òkun. Ó ń dán bíi mábù, owó rẹ̀ ò tó ìdajì tiwa. Ọkọ̀ akẹ́rù dín kù lẹ́nu géètì, lẹ́yìn náà a ò rí ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀. Máníjà pè mí, ó ní kí n gé ohun tó bá ṣeé gé nínú àwọn ohun tí a fẹ́ rà. Mo jókòó ti ìwé, mo sì ń gé.

Nísàlẹ̀ kòtò wa, ẹ̀rọ kan wà tó ń fa omi. Pọ́ǹpù ni gbogbo wa ń pè é. Omi abẹ́ ilẹ̀ àti omi òjò, òun ló ń kó wọn jáde. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni Bàbá Osaro, ọmọ Edo, bàbá kan tó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wá sí ọ́fíìsì mi, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní àwọn ẹ̀yà ara pọ́ǹpù náà ti jẹ tán. Wọ́n ní, “Madam, this pump don tire. E no go finish this rainy season.” Mo ní kí wọ́n máa rọra lò ó. Wọ́n padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo mú ìwé ohun tí pọ́ǹpù náà nílò, mo gbé e wọlé tọ máníjà lọ, Bàbá Osaro dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Máníjà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó bi mí pé ṣé omi ni a ń tà ni àbí mábù. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá náà ń sọ. Mo mọ ọjọ́ orí pọ́ǹpù yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí èmi ni mo gbà á wọ sítọ̀ọ̀ lọ́jọ́ tó dé. Mo rẹ́rìn-ín, mo mú bírò, mo fagi lé e.

Ìmọ̀ràn kejì: nígbà tí ọjà bá wálẹ̀, wọ́n á ní kí o gé nǹkan. Kò sí bí o ò ṣe ní gé. Gé ọkọ̀ àwọn ọ̀gá, gé àpèjẹ, gé ìrìn-àjò tí kò ní láárí, gé owó oṣù tìrẹ pàápàá. Má gé ohun tó ń gba ènìyàn là. Omi tó ń jáde, ògiri tó dúró, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, bíréèkì ọkọ̀ tó ń mú: wọn kì í pariwo nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ bírò.

Èyí tó tẹ̀ lé e jọ mọ́ ti ògiri yín gan-an. Àwa náà ṣe é. Nígbà tí owó dín kù, Olóyè ní kí a yé kó erùpẹ̀ àti òkúta asán tó wà lókè kúrò, kí a máa gé ìlà funfun tó dára jù tó wà nísàlẹ̀ nìkan. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ó dà bí ọgbọ́n. A ń tà, a ò náwó. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ láìfẹ̀ sí i, kòtò wá rí bíi kànga, ògiri rẹ̀ dúró gangan, kò ní àtẹ̀gùn tó yẹ mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń fa iṣu yọ láti ìsàlẹ̀ òkìtì iṣu. Òkìtì náà á dúró, á dúró, títí ọjọ́ tó máa dà lé e lórí. Wọ́n á tún ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Fi yé wọn pé ẹni tó bá jẹ èyí tó dára jù tán lónìí ti jẹ ti ọ̀la mọ́ ọn.

Jẹ́ kí n parí ìtàn náà.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, àwọn ọkùnrin mẹ́wàá wà nísàlẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù dákẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Mẹ́jọ sáré jáde kí omi tó gbá ọ̀nà àbájáde lọ. Bàbá Osaro tó ń gbìyànjú láti jí pọ́ǹpù náà, àti òṣìṣẹ́ kan tó ń gé òkúta, Friday, tó dúró tì wọ́n, kò lè jáde mọ́. Wọ́n gun orí àtẹ̀gùn òkúta kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ibẹ̀ ni wọ́n wà tí omi ń tẹ̀lé wọn bọ̀. Mo dúró létí kòtò, mo ń wò wọ́n. Bàbá Osaro ò pariwo. Wọ́n di ọwọ́ Friday mú, nítorí Friday ò mọ odò wẹ̀.

A ò ní okùn tó gùn tó. Mo ti gé okùn náà nínú ìwé. Àwọn ará abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbà wá. A ti ṣèlérí fún wọn lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn pé a ó gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún wọn, a ò gbẹ́ ẹ, kànga ni wọ́n ṣì ń fà. Wọ́n tú okùn kànga wọn jọ, wọ́n so wọ́n mọ́ra, wọ́n sì gbé e wá. Àgbàlagbà kan tó ń di okùn náà kọjú sí mi, ó ní, “Una promise us water. See where una go put am.” Ó yíjú padà, ó bá wọn fa okùn. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì fi gúnlẹ̀ láàyè.

Èèyàn laṣọ ẹni, ọmọ mi. Àwọn tó ni ilẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́, má ṣèlérí ohun tí o ò ní ṣe fún wọn, èyí tí o bá sì ṣèlérí, ṣe é kí o tó ṣe èyí tó máa dùn mọ́ àwọn ọ̀gá nínú. Wọ́n ń rí yín lójoojúmọ́. Wọ́n á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti lọ. Bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí kùsà máa tán láti ìsinsìnyí, bí ẹ ṣe máa dí kòtò náà àti ohun tí wọ́n á máa ṣe jẹun. Kòtò tiwa wà níbẹ̀ dòní, omi kún un dẹ́nu, kò sẹ́ni tó dí i.

Ibi tó kù ló nira fún mi jù láti kọ. Olóyè ti kòtò náà pa. Ọgọ́rin ènìyàn lé díẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo tẹ orúkọ wọn sínú ìwé, èmi ni mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Mo dúró nínú ọ́fíìsì, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń fi ìka wá orúkọ ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá di dandan kí o dá ènìyàn dúró, pè é, jókòó tì í, sọ fún un láti ẹnu rẹ, kí o sì jẹ́ kó bú ọ tó bá fẹ́ bú ọ.

Wọ́n tún kọ ìwé kan, pé aláìbìkítà ni ẹni tó ń tọ́jú pọ́ǹpù, pé òun ló fa ìjàm̀bá náà. Wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú.

Mo lo oṣù kan sí i, lẹ́yìn náà mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo kó ìwọ àti ẹrù wa, mo wá bá bàbá rẹ ní Benin. Mi ò sọ fún wọn. Odindi ọdún méjì ni mi ò sọ fún wọn. Nígbà tí mo wá sọ, bàbá rẹ ò bá mi wí. Wọ́n kàn béèrè pé níbo ni bàbá náà ń gbé, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Lọ́nà Ekiadolor ni a ti bá wọn, nínú oko ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ebè níbẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo sọ nípa ìwé tí mo buwọ́ lù. Bàbá Osaro fi ọkọ́ ti ìdí igi kan. Wọ́n ní, “My daughter, get up. I don forgive that paper tey-tey. Wetin pain me be say I dey for door, and I hear you laugh.”

Wọ́n ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́. Ìyàwó wọn gbé omi wá fún wa. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, bàbá rẹ bá mi kọ ìwé mìíràn sí Olóyè, mo buwọ́ lu òtítọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún Bàbá Osaro. Olóyè ò fèsì rí. Ṣùgbọ́n ọmọ Bàbá Osaro sọ fún mi pé wọ́n fi ẹ̀dà yẹn sínú Bíbélì wọn, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi sinmi nírọ̀rùn, lọ́jọ́ ogbó.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́, ṣùgbọ́n èyí ni mo fẹ́ kí o dì mú jù. O sọ fún bàbá rẹ pé obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ló kọ́kọ́ rí ibi tó sán, tó sì wá sọ fún ọ láìbẹ̀rù. Pe obìnrin náà lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kí gbogbo wọn rí i pé ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá bá máníjà kì í kábàámọ̀. Kòtò kì í wó lójijì, Àbẹ̀kẹ́. Ẹnìkan á ti kọ́kọ́ rí i. Ohun tó ń pa ènìyàn ni pé ẹni tó rí i wo ojú ọ̀gá, ó sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Lọ́jọ́ mìíràn obìnrin náà lè wá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ kan ṣòfò. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Má sì jẹ́ kí ìyìn yìí gùn ọ́. Àwọn ọ̀gá tó fi ọ́ sílẹ̀ lórí àga lónìí, ògiri ló bá ọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mìíràn lè wà tí wàá kó ènìyàn kúrò, tí ògiri ò ní wó, tí wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣe é náà. Tí wọ́n bá gbà á, máa bọ̀ wálé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi dé.

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí mi ò sọ fún bàbá rẹ pàápàá. Láti ọjọ́ tí o ti sọ pé iṣẹ́ ìwakùsà ni o fẹ́ kà ní yunifásítì ni ẹ̀rù ti ń bà mí. O rò pé òkúta ni mò ń bẹ̀rù. Ara mi ni mò ń bẹ̀rù, pé o lè gbà á lára mi: pé lọ́jọ́ tí ẹni tó jù ọ́ lọ bá pàṣẹ ohun tí o mọ̀ pé kò dára, ìwọ náà á wo ojú rẹ̀, wàá sì gbà. Ogún ọdún ni mo fi gbé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn káàkiri. Láàárọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọpẹ́ dìde, mo ti dìde kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé nítorí àwọn tí kò kú ni. Nítorí tìwọ náà ni. Ẹnu tí mi ò ní, Ọlọ́run fún ọ.

Kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ máa gbé ọ dúró. Kí gbogbo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ àṣẹ rẹ máa padà gòkè wá bá ará ilé rẹ̀. Bí o ti kó ọmọ ọlọ́mọ kúrò lábẹ́ ewu, ewu ò ní mọ ilé rẹ.

Mo fẹ́ lọ parí ọbẹ̀. Bàbá rẹ ti sùn lọ lórí àga ní pálọ̀ pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, láti Ọjọ́rú ni wọn ò ti fojú kan oorun. Wọ́n ń hanrun débi pé mò ń gbọ́ ọ níhìn-ín. Mi ò ní jí wọn.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá Mọ́rẹ́nikẹ́.